Ìpàtẹ Ọkọ̀ Ítálì àti Ẹ̀kọ́ Tí Ó Kọ́ Wa

Ní ọdọọdún, nígbà tí ooru bá mú ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ní ọkọ̀ tí a ṣe ní ilẹ̀ Ítálì a máa kó wọn wá sí orí pápá kan ní Brookline, lẹ́bàá ìlú Boston. Tutto Italiano ni wọ́n ń pe ọjọ́ náà, èyíinì ni pé ohun gbogbo jẹ́ ti Ítálì. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti alùpùpù ni a ń pàtẹ síbẹ̀, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ti olówó ńlá àti ti mẹ̀kúnnù.

Bóyá òǹkàwé wa kan yóò béèrè pé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àṣà Yorùbá nínú ọkọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun? Ìdáhùn wa ni pé ó kàn wá ní ọ̀nà méjì: ọ̀kan jẹ́ ti ìyìn, èkejì jẹ́ ti ọ̀fọ̀. A ó sọ ti ìyìn ṣáájú, nítorí ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́, ó yẹ kí a kí i kí a tó bá a wí.

Ilẹ̀ tí a ń lò fún ìpàtẹ náà jẹ́ ti Larz Anderson nígbà kan rí, ọkùnrin tí ó ṣe aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Belgium àti ní Japan, àti ti Isabel aya rẹ̀. Láti 1899 ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ sí ra ọkọ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti gbó sínú ilé ńlá tí a kọ́ ní 1888 fún ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Nígbà tí Isabel kú ní 1948, ilẹ̀ náà di ti ìlú Brookline, ilé ẹṣin sì di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ọkọ̀. Ẹ kíyè sí i: ohun tí ẹlòmíràn ìbá kó dànù gẹ́gẹ́ bí irin tí ó ti dípẹtà ni ó di ogún fún gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe dídán ọkọ̀ nìkan ni ó yẹ kí a wò. Ẹ wo àmì tí ó wà lára wọn. Alfa Romeo, tí a dá sílẹ̀ ní Mílánì ní 1910, gbé àgbélébùú pupa ìlú náà, pẹ̀lú ejò ìdílé Visconti tí ó jọba níbẹ̀ rí, sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìyá tí ń jẹ́ Maserati, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bologna ní 1914, mú ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tí ó wà lọ́wọ́ ère Neptune ní gbàgede ìlú wọn. Enzo Ferrari jẹ́ ọmọ Modena; ní 1947 ni ọkọ̀ kìn-ín-ní tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní Maranello. Ó fi àwọ̀ ìyeyè ìlú rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ àmì náà, ó sì ya ẹṣin dúdú sí i, ẹṣin tí ó jẹ́ àmì Francesco Baracca, awakọ̀ òfurufú tí ó kú sójú ogun ní 1918. Gẹ́gẹ́ bí Ferrari tìkára rẹ̀ ti sọ, ìyá akọni náà ni ó ní kí ó máa lò ó. Idì tí ó wà lára alùpùpù Moto Guzzi pẹ̀lú jẹ́ ìrántí ọ̀rẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ni ó jọ pinnu láti ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Giovanni Ravelli kú nínú ọkọ̀ òfurufú ní 1919. Nígbà tí àwọn méjì tí ó kù dá iléeṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1921, wọ́n fi ìyẹ́ idì sí i nítorí rẹ̀.

Ìlú, ìdílé, òkú ọ̀rẹ́: gbogbo wọn ni ó ń bá ọkọ̀ rìn lójú títì. Àwọn baba wa ti wí pé odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn ará Ítálì kò gbàgbé.

Ìyìn wọn kò tán síbẹ̀. Nígbà tí ogun parí ní 1945, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wọn ti di àlàpà. Bọ́ǹbù ti wó ti Piaggio ní Pontedera, níbi tí a ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú. Corradino D'Ascanio, onímọ̀ ọkọ̀ òfurufú tí kò tilẹ̀ fẹ́ràn alùpùpù, ni a pè kí ó ṣe ohun tí aláìní lè rà. Ní 1946 ni Vespa jáde, èyí tí í ṣe agbọ́n ní èdè wọn. Ó fi irin bo ẹ̀rọ kí epo má baà ta sí aṣọ, ó sì ṣí àárín rẹ̀ sílẹ̀ kí obìnrin lè gùn ún tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Agbọ́n náà fò dé ọ̀dọ̀ wa; a pè é ní fẹ́sípà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì gùn ún lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní Bologna, àwọn Ducati, tí ń ṣe ohun èlò rédíò láti 1926, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ kẹ̀kẹ́. Cucciolo, ọmọ ajá, ni a pè é, nítorí bí ó ti ń gbó. Bẹ́ẹ̀ ni orílẹ̀-èdè tí ogun wó ṣe dìde láti inú eérú.

Nísinsìnyí ó kan ti ọ̀fọ̀. Ọwọ́ tí ó ṣe ohun ẹwà ṣe ohun ìparun pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá, 1935, Mussolini rán ọmọ ogun wọ Etiópíà láìkéde ogun. Fiat, tí ó ti wà ní Túrínì láti 1899, pẹ̀lú Ansaldo, ni ó ṣe àwọn ọkọ̀ ogun onírin kéékèèké tí wọ́n kó lọ. Láti ojú ọ̀run ni a ti ń da gáàsì olóró lé àwọn ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn lórí. 1996 ni ìjọba Ítálì tó jẹ́wọ́ rẹ̀. Ní 1937 wọ́n gbé òpó òkúta Axum lọ sí Róòmù. 2005 ni ó tó padà sílé.

Ìròyìn náà dun àwọn baba wa dé egungun. Ní Èkó, wọ́n pé jọ ní 1935 láti fi ẹ̀hónú wọn hàn. Kò sì pẹ́ tí ọmọ wa gan-an fi lọ: àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wọ Mogadishu ní oṣù kejì 1941, wọ́n sì ja ìjà títí wọ́n fi dé Harar. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún náà, Haile Selassie padà wọ Addis Ababa, ọdún márùn-ún géérégé sí ọjọ́ tí àwọn ará Ítálì gbà á. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa.

Ǹjẹ́ kí a wá kẹ́gàn ìpàtẹ Brookline? Rárá o. Alágbẹ̀dẹ tí ó rọ idà ni ó rọ ọkọ́. A kì í torí idà sọ ọkọ́ nù. Àwọn tí ń kó ọkọ̀ wọn wá síbẹ̀ kò dá Etiópíà lóró; ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kó wọn jọ. Ohun tí àwa ń wí ni pé kí ọmọ tí ó bá ń wo ọkọ̀ pupa náà gbọ́ ìtàn méjèèjì. Òtítọ́ kì í ba ẹwà jẹ́. Fífi apá kan ìtàn pamọ́ ni ó ń bà á jẹ́, nítorí ẹni tí a ṣẹ̀ kò jẹ́ gbàgbé, yóò sì máa wo ẹwà náà bí ẹni ń wo ìbòjú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó na ìka kan sí ẹlòmíràn, kí ó wo ibi tí àwọn ìka yòókù kọjú sí. Ní 1938, nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, orí idẹ tí gbogbo ayé ń yìn jáde láti inú ilẹ̀. Ta ni ó dà wọ́n? A kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan. Èyí tí ó ti lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n agbẹ́gilére, ahunṣọ àti asúdẹ tí ó wà láàyè lónìí ńkọ́? A ń ra iṣẹ́ wọn, a kì í béèrè orúkọ wọn.

Èyí tí ó wúwo jù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ àjọ̀dún ìlú wa, adé, ìlù àti ohun ìjà àwọn akọni ni a ń gbé jáde, ìlú kọ̀ọ̀kan a sì máa ka ìṣẹ́gun tirẹ̀. Ta ni ń dárúkọ àwọn tí a kó lẹ́rú nínú ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí a tà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kúbà àti Bràsíìlì? Ọmọ wa ni wọ́n, ọwọ́ wa ni a sì fi mú wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ohun méjì ni a ń bẹ̀ yín sí. Ní àjọ̀dún tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ orúkọ oníṣẹ́ ọwọ́ sí ara iṣẹ́ rẹ̀, kí ọmọ ọmọ wa má baà béèrè ohun tí àwa ń béèrè ní Ifẹ̀. Kí a sì fi àyè sílẹ̀ nínú ètò ọjọ́ náà, kí àgbà kan dìde, kí ó dárúkọ àwọn tí ìlú wa pàdánù àti àwọn tí ìlú wa ṣẹ̀. Ọdún 61 ni Ítálì fi dúró kí ó tó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ Etiópíà. Tiwa ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.