Bíbélì Kò Nílò Ẹlẹ́rìí Èké

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, inú ọkọ̀ ni mo ti bá a pàdé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ọkọ̀ rí láti Oṣòdì lọ sí Ìsọlọ̀ mọ̀ pé kí ọkọ̀ tó gbéra, ìwàásù a ti gbéra. Ní ọjọ́ tí mo ń wí yìí, oníwàásù kan dìde láàárín wa. Ó ní àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì NASA ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣírò ọjọ́ ayé, wọ́n sì rí i pé odindi ọjọ́ kan dín, èyí tí oòrùn fi dúró fún Jóṣúà. Gbogbo èrò ọkọ̀ ṣe àmín. Àbúrò mi tí a jọ wọkọ̀, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, kò ṣe àmín. Nígbà tí a délé ní Ìsọlọ̀, ó wá ọ̀rọ̀ náà wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí i pé àhesọ lásán ni. Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún mi, bí èyí bá jẹ́ irọ́, kí ni kò ní jẹ́ irọ́ nínú ìyókù?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Àhesọ ni lóòótọ́, ó sì ti ń tàn ká láti ìparí àwọn ọdún 1960. Ẹni tí yóò mọ̀ pé owó òun dín gbọ́dọ̀ ti mọ iye tó kó sápò tẹ́lẹ̀. Ta ni ó ní òǹkà ọjọ́ ayé láti ìbẹ̀rẹ̀, tí kọ̀ǹpútà yóò fi mọ̀ pé ọ̀kan sọnù? Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ṣẹ ní Oṣòdì lójú mi.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Bíbélì ni ó purọ́, agbẹjọ́rò rẹ̀ ni. Ẹni tó ní ẹlẹ́rìí òtítọ́ nílé, tó tún lọ ń háyà ẹlẹ́rìí èké, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni ó ń bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ẹlẹ́rìí òtítọ́ náà.

Èkínní ni àwọn àkájọ ìwé tí àwọn darandaran bẹ̀rẹ̀ sí í rí ní nǹkan bí ọdún 1947, nínú ihò àpáta ní Qumran, lẹ́bàá Òkun Òkú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé Aísáyà lódindi, gígùn rẹ̀ ju mítà 7 lọ, a sì ti kọ ọ́ ṣáájú ìbí Kristi. Ó fi nǹkan bí 1,000 ọdún dàgbà ju àwọn ẹ̀dà èdè Hébérù tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbójú lé tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, ìyàtọ̀ wà, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ ti àkọtọ́, àwọn mìíràn jẹ́ ti ọ̀rọ̀. Síbẹ̀, Aísáyà kan náà ni. Ẹni tó bá ń wí pé àwọn adàwékọ ti yí ìwé náà po pátápátá gbọ́dọ̀ dá ẹlẹ́rìí yìí lóhùn.

Èkejì wà lábẹ́ ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù. Ìwé Àwọn Ọba Kejì ròyìn pé Ọba Hesekáyà la ọ̀nà omi wọ ìlú. Ọ̀nà omi kan wà níbẹ̀ títí di òní, mítà 533 ni gígùn rẹ̀, inú àpáta ni wọ́n gbẹ́ ẹ gbà. Ní 1880, a rí àkọlé kan lára ògiri rẹ̀ tó sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe gbẹ́ ẹ láti ìpẹ̀kun méjèèjì, tí wọ́n ń gbúròó ara wọn títí wọ́n fi pàdé. Ní 2003, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé èsì ìwádìí jáde lórí ewéko tó há sínú ohun tí a fi rẹ́ ògiri náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ bá ìgbà Hesekáyà mu, ní nǹkan bí 700 ọdún kí a tó bí Kristi.

Àwọn mìíràn náà wà. Ní 1961, a rí òkúta tí orúkọ Pọ́ńtíù Pílátù wà lára rẹ̀ ní Kesaríà. Ní 1993, a rí òmíràn ní Tel Dan tó dárúkọ ilé Dáfídì, nígbà tí àwọn kan ń sọ pé Dáfídì kò gbé ayé rí.

Bí a bá ń sọ òtítọ́, kí a sọ ọ́ tán. Kathleen Kenyon, tó walẹ̀ ní Jẹ́ríkò láàárín 1952 sí 1958, sọ pé ìlú náà ti pa run tipẹ́ ṣáájú ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi Jóṣúà sí. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ́ tó lè wú iṣẹ́ ìyanu jáde nínú ilẹ̀. Awalẹ̀pìtàn lè jẹ́rìí sí ọba, sí odi àti sí ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ń bẹ lọ́wọ́ onígbàgbọ́.

Nílé níhìn-ín náà, a ní ẹjọ́ tó jọ ọ́. Láti Oṣòdì kan náà ni ènìyàn ti lè wọ ọkọ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó sì yà sí Òkè-Ẹ̀rì, níbi ojú oórì Bílíkísù Súńgbọ́. Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni Ọbabìnrin Ṣébà tó bẹ Sólómọ́nì wò, pàápàá láti 1999 tí òkìkí Erédò Súńgbọ́ kàn káàkiri ayé. Iṣẹ́ ńlá ni yàrà àti odi náà: ó tó nǹkan bí kìlómítà 160 yíká, ó sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí fún un kò ju nǹkan bí 1,000 ọdún lọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kò tó bẹ́ẹ̀. Sólómọ́nì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ọdún. Ǹjẹ́ èyí bu Ìjẹ̀bú kù? Rárá o! Ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni ó ṣe é, ògo tiwa sì ni, a kò ní láti yá ògo ará Ṣébà.

Èyí ni mo sọ fún àbúrò mi: bí o bá rí ẹlẹ́rìí èké kan, lé e jáde, ṣùgbọ́n má ṣe tú ilé ẹjọ́ ká. Ẹ̀yin oníwàásù wa náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wádìí ọ̀rọ̀ kí ẹ tó dìde nínú ọkọ̀. Bíbélì Yorùbá tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, ọ̀pọ̀ ọdún ni Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé tí a fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ túmọ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń fi àhesọ gbè lẹ́yìn. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Nínú ọkọ̀ Ìsọlọ̀, ọ̀dọ́mọdé kan ni ó lé e bá.