Ọmọdé Gbọ́n, Àgbà Gbọ́n

Nígbà tí àwọn baba wa wí pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa ka ọ̀rọ̀ náà sí ìpẹ̀ fún ọmọdé, bí ẹni pé àgbà kàn ń fi ẹnu yẹ́ ẹ sí kí ó má baà bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé òwe náà kò sọ pé ọgbọ́n àwọn méjèèjì rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ọ̀kan tó dá ìlú sílẹ̀ láìsí èkejì. Ohun tí ó ń wí ni pé ọgbọ́n yàtọ̀ sí ọgbọ́n, àti pé ibi tí ọgbọ́n onírúurú bá ti pàdé, tí oníkálukú sì mọ iyì ti ẹnìkejì rẹ̀, ibẹ̀ ni nǹkan ńlá ti í ṣẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Disney ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wò fún ẹ̀rí, ilé iṣẹ́ tí ń mú kí àwòrán tí a fi ọwọ́ yà máa rìn, kí ó máa sọ̀rọ̀, kí ó sì máa jó lójú sinimá. Orúkọ Walt Disney ni ayé mọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Gbèsè ti tú ilé iṣẹ́ tí Walt dá ní Kansas City ká kí ó tó forí lé Los Angeles ní 1923, níbi tí Roy ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife. Àbúrò jẹ́ ẹni ọdún 21, ẹ̀gbọ́n jẹ́ ẹni ọdún 30, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ṣí ilé iṣẹ́ náà ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Walt ń ro ohun tí ojú kò rí rí, Roy ń ṣírò ohun tí yóò náni.

Ẹnìkẹta wọn ni Ub Iwerks, ayàwòrán tí òun àti Walt ti jọ ń bọ̀ láti Kansas City. Ní 1928, nígbà tí Charles Mintz, alágbàtà tí ń bá wọn ta sinimá, fa ọ̀pọ̀ ayàwòrán wọn mọ́ra, tí ó sì hàn gbangba pé Oswald, ehoro tí wọ́n fi ń jẹun, ilé iṣẹ́ sinimá Universal ni ó ni ín nínú ìwé àdéhùn, Iwerks kò yẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó ya eku tí ń jẹ́ Mickey, Walt fún un ní ohùn ara rẹ̀, Roy sì ń sá sókè sá sódò nídìí owó. Nígbà tí wọ́n fi sinimá eku náà, Steamboat Willie, han àwọn ará New York ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, tí orin àti ìró bá ìṣesí eku náà mu wẹ́kú, òkìkí wọn kàn.

Lẹ́yìn èyí ni Walt ní òun yóò fi àwòrán ṣe odidi sinimá gígùn, àwọn ará Hollywood sì ń pè é ní ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: Roy tọ Bank of America lọ fún owó yíyá, àwọn ayàwòrán tẹpá mọ́ṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́bìnrin sì ń fi yíǹkì àti ọ̀dà parí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Sinimá gígùn náà, Snow White, jáde ní oṣù kejìlá 1937. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là ni wọ́n ná lé e, èrè rẹ̀ sì borí ìnáwó. Orúkọ àwọn obìnrin tí ó kun ọ̀dà náà kò sí lójú sinimá.

Níbi tí a bá ti jẹ ọgbọ́n ẹnìkan tán, tí a kò mọ̀ ọ́n sí i, ìjà ń bọ̀ níbẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 1941, lẹ́yìn tí Walt lé Art Babbitt, ọ̀gá ayàwòrán tí ń ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn yanṣẹ́ lódì. Tyrus Wong, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà, ẹni tí àwòrán igbó rẹ̀ fún sinimá Bambi ní ẹwà tí ó ní, kò bá wọn yanṣẹ́ lódì. Síbẹ̀ wọ́n lé e lẹ́yìn ìjà náà, nígbà tí sinimá ọ̀hún sì jáde ní 1942, àárín àwọn tí ó ya ẹ̀yìn àwòrán lásán ni orúkọ rẹ̀ wà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó di 2001 kí ilé iṣẹ́ náà tó fi oyè dá a lọ́lá. Ó ti di arúgbó ẹni 90 ọdún.

Roy ní tirẹ̀ fi ìmoore hàn. Nígbà tí Walt kú ní oṣù kejìlá 1966, ẹ̀gbọ́n yìí, tí ó yẹ kí ó ti fẹ̀yìn tì, dúró parí ọgbà ìgbafẹ́ ńlá tí àbúrò rẹ̀ ti gbèrò ní Florida. Ó tẹnu mọ́ ọn pé Walt Disney World ni kí wọ́n máa pè é, kí ayé lè mọ ẹni tí èrò náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Wọ́n ṣí i ní oṣù kẹwàá 1971, Roy sì kú ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olórí kò ṣòro. Kí ó má bèèrè ẹni tí ó gbọ́n jù láàárín agbo rẹ̀. Kí ó ṣí ìwé owó oṣù, kí ó sì ṣí ìwé orúkọ, kí ó wò bóyá gbogbo ọgbọ́n tí ń bọ́ ọ ni ó rí oúnjẹ jẹ, tí ó sì rí orúkọ jẹ́.