Ọmọ Kejì ní Michigan
Tí àwọn onímọ̀ ìṣirò bá péjọ lórí ìṣòro tí wọ́n ń pè ní multi-armed bandit, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń ṣàlàyé rẹ̀: èwo ni kéèyàn máa fà nígbà tí kò tíì mọ èyí tó ń sanwó jù? Ṣùgbọ́n ìtọ́jú aláìsàn ló wà lọ́kàn William Thompson tó kọ̀wé lórí rẹ̀ lọ́dún 1933. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò ní Michigan, l'Amẹ́ríkà: ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 1985 dán ẹ̀rọ tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ wò fún ọmọ tuntun 12. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti yan ìtọ́jú ọmọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó bá ti gbẹ̀mí là ni kèké á túbọ̀ máa tẹ̀ sí. Ọmọ àkọ́kọ́ bọ́ sórí ẹ̀rọ, ó yè. Èkejì gba ìtọ́jú àtijọ́, ó kú. Mẹ́wàá tó kù, ẹ̀rọ náà ni wọ́n lò fún wọn, gbogbo wọn ló yè. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan yarí pé ọmọ kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Lóòótọ́ ni, kò tó. Àmọ́ ta ló fẹ́ kọ́mọ tiẹ̀ jẹ́ èkejì, kí ẹ̀rí lè pé? Lónìí, wọ́n ń fi ìmọ̀ multi-armed bandit yìí yan ìpolówó ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé wa tó ń lọ sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe àwọn dókítà síbẹ̀.