Òfì Ògìdì àti Ọ̀nà Tí Ayé Kò Tọ̀

Bí àwọn òpìtàn bá ń sọ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ayé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀, wọn a máa sọ ọ́ bí ẹni pé kádàrá ni, bí ẹni pé kò sí ilẹ̀ mìíràn tí irú rẹ̀ ìbá ti hù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa ní Ògìdì, ní ilẹ̀ Ìjùmú olókè olókùúta, láàrin àwọn Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Òwú ni ó sọ Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, di ìlú ńlá. Òwú kan náà ni àwọn obìnrin Òkun ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ran, tí wọ́n ń fi ẹ̀lú pa láró, tí wọ́n fi ń hun aṣọ lórí òfì olóòòró, tí àwọn ará Bùnú, tí àwọn náà jẹ́ Òkun, sì fi hun aṣọ ipò pupa tí a fi ń yẹ́ òkú ìjòyè sí.

Òfin wà lára ohun tí ó ya ọ̀nà Ògìdì àti ti Manchester sọ́tọ̀. Ní 1721, ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ka aṣọ òwú alárà Íńdíà léèwọ̀, kí ọjà má baà bọ́ mọ́ àwọn ahunṣọ tiwọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ẹgbẹ́ British Cotton Growing Association, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1902, òwú lásán ni ó ń wá ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe aṣọ.

Ká ní àwọn alágbẹ̀dẹ wa, ọmọ Ògún Lákáayé, ti rọ irin Ìtakpé di òfì tí omi odò ń yí ńkọ́? Dípò èyí, a dá iléeṣẹ́ irin Ajaokuta sílẹ̀ ní 1979, ìléru ńlá rẹ̀ kò sì tíì yọ́ irin. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: òfì tí ó wà nílẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tọ́jú. Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Ògìdì, ti dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ nílé; kí ìjọba Kogí gbé iná mànàmáná àti owó yíyá tọ àwọn ahunṣọ ibẹ̀ lọ.