Ẹni Tí Ó Kọ Oúnjẹ Nítorí Ogun



Àwọn àgbà ní: ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Gbogbo wa mọ̀ pé òótọ́ ni. Ẹni tí ebi ń pa kò gbọ́ ìtàn, kò gbọ́ ìmọ̀ràn. Oúnjẹ nìkan ló ń rò. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ebi pa ara wọn. Oúnjẹ wà, wọn kò jẹ ẹ́. Kì í ṣe ààwẹ̀ mùsùlùmí, kì í sì ṣe ààwẹ̀ onígbàgbọ́. Wọ́n kọ oúnjẹ kí ìjọba lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn ti sọ títí, tí ìjọba kò gbọ́. Àwọn kan nínú wọn ṣe é nítorí ogun.

Ǹjẹ́ ó dára bẹ́ẹ̀? Ǹjẹ́ ebi ẹnì kan lè borí ìbọn? Èmi náà ní èrò tèmi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọkùnrin kan.

ÌTÀN BÀBÁ LECOIN

Louis Lecoin ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni. Wọ́n bí i ní ọdún 1888, nínú ìdílé tálákà. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò mọ ìwé. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ilé ìwé díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ṣiṣẹ́ ọgbà.

Ní ọdún 1910, ó wà nínú iṣẹ́ ológun. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún náà. Wọ́n rán àwọn ológun lọ láti dojú kọ wọ́n. Lecoin ní òun kò lọ. Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Láti ìgbà náà, kò dẹ́kun láti máa bá ogun jà. Nígbà tí ogun ńlá kejì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1939, ó tẹ ìwé pé kí wọ́n wá àlàáfíà kíákíá. Wọ́n tún gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí a bá ka gbogbo ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pọ̀, ó tó nǹkan bí ọdún 12.

Ní ọdún 1954, ogun bẹ̀rẹ̀ ní Àlùjéríà. Àwọn ará Àlùjéríà ń wá òmìnira, Faransé kò fẹ́ fún wọn. Ní ìgbà náà, Faransé ṣì ń jọba lórí ilẹ̀ wa, tí à ń pè ní Dahomey, títí di ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960. Àwọn ọmọ Áfíríkà dúdú náà wà nínú àwọn ológun tí Faransé kó lọ sí ogun yẹn.

Ní ilẹ̀ Faransé, gbogbo ọ̀dọ́mọkùnrin ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ológun. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní: «Ọkàn wa kò gbà kí a pa ènìyàn. Ẹ fún wa ní iṣẹ́ mìíràn tó le, a ó ṣe é.» Ìjọba kò gbà. Wọ́n ń sọ wọ́n sí ẹ̀wọ̀n. Bí ẹnì kan bá parí ẹ̀wọ̀n rẹ̀, wọ́n á tún pè é sí iṣẹ́ ológun. Bí ó bá tún kọ̀, wọ́n á tún dá a padà. Àwọn kan lo ju ọdún 5 lọ nínú ẹ̀wọ̀n, láìjalè, láìpànìyàn.

Lecoin kọ̀wé, ó bẹ̀bẹ̀, ó dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba ṣèlérí pé àwọn yóò ṣe òfin. Òfin kò dé. Ìbọn dákẹ́ ní Àlùjéríà ní oṣù kẹta ọdún 1962, síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ṣì wà nínú ẹ̀wọ̀n.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 1962, bàbá náà kọ oúnjẹ. Ọmọ ọdún 73 ni. Ó ní òun kò ní jẹun mọ́ títí ìjọba yóò fi mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn ọlọ́pàá fi agbára gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó dé ibẹ̀, kò jẹun. Àwọn ìwé ìròyìn ń kọ ọ́ lójoojúmọ́. Àwọn ènìyàn ń béèrè pé: ṣé ìjọba yóò jẹ́ kí bàbá arúgbó yìí kú ni?

Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, ìjọba ní àwọn gbà, àwọn yóò gbé òfin náà lọ sí ilé aṣòfin. Ìgbà náà ni Lecoin tó jẹun. Wọ́n ṣe òfin náà ní oṣù kejìlá ọdún 1963. Kò dára tán: ẹni tí kò bá fẹ́ gbé ìbọn gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn fún ìlọ́po méjì àkókò tí ológun ń lò. Wọ́n sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa polongo òfin náà kiri. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba ogun rí ọ̀nà tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

KÍ LÓ FÚN EBI NÍ AGBÁRA?

Àwọn kan yóò sọ pé: «Ẹni tó bínú tí kò jẹun, ara rẹ̀ ló fìyà jẹ.» Ọ̀rọ̀ yẹn jọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá, ẹ rántí ọjọ́ tí ọmọ yín bínú tí kò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ ní alẹ́. Ta ni kò sùn ní òru ọjọ́ náà? Ìyá ni. Ebi wà nínú ọmọ, ṣùgbọ́n ìyá ló ń rora.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi nǹkan àwọn bàbá wa ṣe àpẹẹrẹ. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá jẹ gbèsè tí kò san án, olówó á rán ológò sí i. Ológò á lọ jókòó sí ilé onígbèsè. Á máa pariwo, á máa bú wọn, á ní kí wọ́n se oúnjẹ fún òun, á mú adìẹ wọn pa. Gbogbo àdúgbò á gbọ́. Ìtìjú á mú onígbèsè, á wá owó náà san.

Ẹni tó kọ oúnjẹ nítorí ogun, ológò ni òun náà. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìjọba. Ó ní: «Ẹ jẹ mí ní gbèsè, ẹ san án.» Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ológò ń jẹ oúnjẹ onígbèsè. Èyí kò jẹ nǹkan kan. Kò fọwọ́ kan adìẹ ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ nìkan ló ń ná.

Ohun tó fún un ní agbára nìyẹn. Ogun a máa sọ pé: «Mo lè pa ọ́, nítorí náà gbọ́ tèmi.» Ẹni tó kọ oúnjẹ sọ pé: «N kò ní pa ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, gbogbo ayé yóò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà rẹ ni mo kú sí.»

Àwọn bàbá wa náà kọ ogun. Nígbà ogun 1914 sí 1918, Faransé ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí ogun òkèèrè. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ sá kọjá ààlà lọ sí Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan wọn. Mi ò bú wọn. Ẹni tó sá kò fi ọmọ rẹ̀ fún ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá gba ara rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ là. Ẹni tó jókòó tí kò jẹun ń wá ọ̀nà fún àwọn tí kò rí ibi sá sí. Lecoin kò sí nínú ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1962. Àgbàlagbà ni, kò sẹ́ni tó máa pè é sí ogun mọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló tìtorí rẹ̀ fi ebi pa ara rẹ̀.

IBI TÍ AGBÁRA EBI MỌ

Síbẹ̀, n kò ní tàn yín. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ebi ń ṣẹ́gun. Ní ọdún 1981, àwọn ẹlẹ́wọ̀n kan ní Ireland Àríwá, tí wọ́n ti gbé ìbọn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà, kọ oúnjẹ. Wọ́n fẹ́ kí ìjọba mọ̀ wọ́n sí ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú, kì í ṣe ọ̀daràn. Ìjọba ní òun kò gbà. Ẹni mẹ́wàá kú. Ẹni tó kọ́kọ́ kú, Bobby Sands, jẹ́ ọmọ ọdún 27, ó sì lo ọjọ́ 66 láìjẹun. Ìjà tún gbóná sí i ní ìgboro.

Ẹ wá wo Gandhi ti ilẹ̀ Íńdíà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn Híńdù àti àwọn mùsùlùmí ń pa ara wọn ní ìlú Calcutta. Bàbá ọdún 77 náà ní òun kò ní jẹun títí ìpànìyàn yóò fi dúró. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò. Àwọn olórí ìlú fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Àwọn ọ̀dọ́ kan kó ohun ìjà wọn wá síwájú rẹ̀. Kí ló dé tí èyí fi yá? Ìdí ni pé àwọn tó ń jà yẹn fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò fẹ́ kí ó kú. Gandhi fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ẹni tó fẹ́ràn ẹni ni a ń fi ààwẹ̀ bá wí, kì í ṣe òṣìkà tí kò kà wá sí.

Nítorí náà, èrò tèmi nìyí. Ebi kì í ṣe ohun ìjà tí a kàn ń mú jáde bí a bá ti bínú. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin.

Ìkíní: ṣé mo ti sọ̀rọ̀, tí mo kọ̀wé, tí mo bẹ̀bẹ̀ ná? Lecoin ṣe gbogbo ìyẹn kí ó tó kọ oúnjẹ.

Ìkejì: ṣé ohun tí mo ń béèrè ṣe é fún mi? Ẹni tó bá ní kí gbogbo ogun ayé parí lọ́la yóò kú lásán. Òfin kan ṣoṣo ni Lecoin béèrè, ìjọba sì lè ṣe é.

Ìkẹta: ṣé ẹni tó lè gbọ́ wà? Bí ìwé ìròyìn kò bá kọ ọ́, tí ará ìlú kò mọ̀, ẹni náà yóò kú nínú òkùnkùn, ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni.

Ìkẹrin: ta ló ń jẹun lọ́wọ́ mi? Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, aboyún, aláìsàn, ọmọdé, kí wọ́n má ṣe dán an wò. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi agbára mú ẹlòmíràn ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ máa mu omi, kí dókítà máa wò ó. Bí ó bá parí, kí ó má sáré jẹ iyán. Oúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa ẹni tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí à ti ń fún ọmọ tuntun.

Ẹ̀yin ará, mo gbà pé ebi ẹnì kan kò lè pa iná ogun. Ṣùgbọ́n ogun kì í dá rìn. Ó ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò gbé ìbọn, ó sì ń fẹ́ ẹnu tí yóò dákẹ́. Ẹni tó kọ oúnjẹ gba ẹnu kan kúrò lọ́wọ́ ogun. Tirẹ̀ ni. Bí ẹnu rẹ̀ ò tilẹ̀ jẹun mọ́, ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Ẹ JẸ́ KÍ A JỌ SỌ Ọ́

1. Kí ni Lecoin béèrè lọ́wọ́ ìjọba Faransé?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ológò àti ẹni tó kọ oúnjẹ nítorí ogun?
3. Ṣé ẹ gbọ́ ìtàn ẹni tó sá fún ogun ní abúlé yín? Ẹ sọ ọ́ fún kíláàsì.
4. Ṣé ẹ gbà pẹ̀lú ẹni tó kọ ìwé yìí? Kí ló dé?