Aṣọ Wèrè Tí Kò Ṣe É Bọ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn máa ń sọ sí etí ara wọn ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, bí wọ́n bá rí wèrè tó jókòó lábẹ́ afárá tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Wọn a ní, "Ta ló mọ̀ bóyá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni?" Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ìjọba a máa da àkísà bo àwọn ọlọ́pàá kan, kí wọ́n lè jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í fura sí wọn. Ohun tí wọn kì í béèrè ni pé, ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá parí ńkọ́? Ẹni tó ti sùn nínú ìdọ̀tí fún oṣù mẹ́fà, tó ti ń dá sọ̀rọ̀ títí tó fi mọ́ ọn lára, báwo ni yóò ṣe padà sílé lọ bá ìyàwó àti ọmọ?

Ìbéèrè yìí gan-an ló wà nínú fíìmù kan tó ti Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Ivory Coast, jáde lọ́dún 2014. Run ni orúkọ rẹ̀, ìyẹn "sáré". Philippe Lacôte, tí wọ́n bí ní Abidjan lọ́dún 1969, ló ṣe é, wọ́n sì fi hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes nílẹ̀ Faransé lọ́dún náà. Àwọn tó ń ṣe irú eré báyìí nílẹ̀ òkèèrè sábà máa ń fi ọlọ́pàá tó wọ aṣọ ọ̀daràn ṣe olórí ìtàn wọn. Lacôte kò ṣe bẹ́ẹ̀. Apànìyàn tó wọ aṣọ wèrè ló fi ṣe tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Run yìí ti pa olórí ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kó tó lè sún mọ́ ọkùnrin náà, ó ní láti sọ ara rẹ̀ di wèrè tó ń rìn káàkiri ìgboro. Bó ṣe ń sá lọ lẹ́yìn ìpànìyàn náà ni ìgbésí-ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí i lọ́kàn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Tourou ló wà, tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ arọ̀jò. Lẹ́yìn náà ó di èrò ẹ̀yìn Gladys, obìnrin tó ń fi oúnjẹ jíjẹ ṣe eré fún àwọn òǹwòran. Nígbà tó yá, ó di ọmọ ogun kékeré nínú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ olóṣèlú. Kò fúnra rẹ̀ yan ọ̀kankan nínú wọn. Bó bá ti ń sá fún ọ̀kan ló ń já sínú òmíràn.

Ẹni tí kò mọ ìtàn Ivory Coast lè sọnù sínú fíìmù náà, nítorí kì í dúró ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Èjìgbò yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọkọ̀ ti ń gbéra láti Èjìgbò lọ sí Abidjan tààrà, ọ̀pọ̀ ọmọ wọn ni wọ́n bí sí Treichville àti Adjamé tí Faransé sì dùn lẹ́nu wọn. Nígbà ayé Houphouët-Boigny, wọ́n gba àlejò tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí bàbá náà kú ní December 1993, tí Henri Konan Bédié gorí àlééfà, ariwo "ta ni ojúlówó ọmọ ilẹ̀ yìí?" gba ìgboro. Alassane Ouattara fúnra rẹ̀, tó ti ṣe olórí ìjọba rí, ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ yọ kúrò nínú ìdíje ipò Ààrẹ lọ́dún 2000. Ní September 2002, ogun bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Jeunes Patriotes gba títì, wọ́n ń da ọkọ̀ dúró, wọ́n ń béèrè ìwé ìdánimọ̀. Nígbà tí wàhálà ìbò 2010 fi máa rọlẹ̀ lọ́dún 2011, ó lé ní 3,000 èèyàn tó ti kú.

Níbi tí orúkọ tí bàbá sọ ọmọ ti lè di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn, ṣé ó ṣòro láti rí ọmọ tí yóò gba orúkọ tuntun lọ́wọ́ ẹni tó bá fún un lóúnjẹ àti ìbọn?

Yorùbá kì í jẹ́ kí eégún jáde láìsí atọ́kùn. Ẹni tó wà nínú ẹ̀kú lè gbàgbé ara rẹ̀, ṣùgbọ́n atọ́kùn mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, òun ni yóò sì mú un padà sí ìgbàlẹ̀. Run kò ní atọ́kùn. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ti atọ́kùn tó wà níbẹ̀, tó sì ń wòran. Ọlọ́pàá kan ní London, Mark Kennedy, di Mark Stone láàrin àwọn ajìjàgbara nílẹ̀ Britain láti 2003 títí di 2010 tí àṣírí tú. Ó ní ìyàwó àti ọmọ, síbẹ̀ ó ń fẹ́ àwọn obìnrin tó yẹ kó máa ṣọ́. Ní 2012, ìròyìn gbòde pé ó pe àwọn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọn kò dáàbò bo òun lọ́wọ́ ìfẹ́. Ọ̀rọ̀ náà pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní 2021, ìgbìmọ̀ adájọ́ gbà pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pé àwọn ọlọ́pàá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú mọ́lẹ̀, àti pé àwọn ọ̀gá kan mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tàbí kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ di ojú wọn. Ẹ̀rín tán níbẹ̀.

George Ìyámù tìẹ kò tilẹ̀ wọ àkísà. Igbákejì ọ̀gá ọlọ́pàá ni ní ìlú Benin, inú aṣọ ìjọba ló sì ti ń ṣe onílé fún Aníní àti àwọn adigunjalè rẹ̀, kí wọ́n tó yìnbọn pa wọ́n ní March 1987. Òun ní tirẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.

Abdoul Karim Konaté ló ṣe Run. Ẹni tó bá rí fíìmù náà kó wo ojú rẹ̀ dáadáa nígbà tó bá wà nínú àkísà. Ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ti pàṣẹ fún un, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.