Ta Ni Jàǹbá Ọkọ̀ Ń Ṣe Jù: Èkó Tàbí Oǹdó?

Bí wọ́n bá ní àwọn tó fara pa nínú jàǹbá ọkọ̀ l'Ékòó pọ̀ ju ti ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ, kí ará Àkúrẹ́, olú-ìlú Oǹdó, má tíì yọ̀. Ìkànìyàn ọdún 2006 (ó ti pẹ́, àmọ́ òun la ṣe kẹ́yìn) ka ènìyàn 9,113,605 l'Ékòó. 3,460,877 ni ti Oǹdó.

Ká ní ènìyàn 500 ló fara pa ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nínú Excel, ẹ fi iye olùgbé pín 500, kí ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100,000. Èkó á mú nǹkan bíi 5.5, Oǹdó á mú 14.4. Iye kan náà, ewu ọ̀tọ̀!

Irú ìṣirò yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé lò nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2023: nínú ènìyàn 100,000, nǹkan bíi 19 ni jàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dún ní Áfíríkà, 7 ní Yúróòpù.

Ọ́fíìsì wo ní Alágbàká, àdúgbò ilé-iṣẹ́ ìjọba l'Ákùúrẹ́, ni kò lè ṣe ìṣirò yìí? Kí ìjọba ṣírò rẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ 18 tó wà ní Oǹdó, kí wọ́n sì gbé e síta, ká lè mọ ibi tí ewu pọ̀ sí ká tó pín áḿbúláǹsì.